PDF, iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé Chuck Geschke: bó ṣe wúlò tó fún ẹni tó ń kọ Yorùbá

Bí wọ́n bá fi ìwé ìpè ìgbéyàwó, fọ́ọ̀mù iléèwé tàbí ètò ìsìnkú ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lónìí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ PDF. Ẹ ó ṣí i lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n yín ní London á ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, onítẹ̀wé ní Ṣómólú á gbé e sórí bébà, ojú ìwé kan náà sì ni gbogbo yín á rí. Ìlà kò ní yẹ̀, àwòrán kò ní sún kúrò láyè rẹ̀. Ìlérí tí iléeṣẹ́ Adobe ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé PDF jáde lóṣù kẹfà ọdún 1993, ìlérí náà kò sì tíì yẹ̀.

Ẹni méjì ló dá Adobe sílẹ̀: John Warnock àti Charles Geschke, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Chuck. Geschke kú lọ́jọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2021 ní Los Altos, ìpínlẹ̀ California, lẹ́ni ọdún 81. Warnock tẹ̀ lé e lóṣù kẹjọ ọdún 2023. Ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀ la fẹ́ yẹ̀ wò níbí, nítorí kò sí ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ láti rántí oníṣẹ́ ọwọ́.

Ìdájọ́ wa kò díjú. Fún ojú ìwé tí ẹ fẹ́ kó dúró bí ẹ ṣe tò ó, kò sí ohun tó dà bí PDF. Ṣùgbọ́n ìrísí ló ń tọ́jú. Lẹ́tà tó wà lábẹ́ ìrísí náà lè ti bàjẹ́ kí ojú má sì rí i rárá. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fara gbá èyí. Yorùbá, pẹ̀lú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ló ń fara gbá a jù. Ìdí rẹ̀ ti wà látinú bí Geschke àti Warnock ṣe kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀, torí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ onítẹ̀wé

Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí Geschke lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ló ń gbẹ́ àwòrán sára àwo irin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ayé ọjọ́un fi ń tẹ àwòrán sínú ìwé. Iṣẹ́ tó gba ojú ni. Àmì bíńtín-bíńtín ni àwòrán inú ìwé, bí àwọn àmì náà bá sì fi díẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ojú ẹni tó wà nínú àwòrán á dúdú bí èédú. Awò kékeré tí a ń gbé mọ́ ojú kì í jìnnà sí ọwọ́ oníṣẹ́ yìí.

Geschke fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ gba ọ̀nà ìtẹ̀wé lọ. Èdè àti ìwé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ ló kà ní Xavier University, ó gboyè ní 1962, ó fi ìṣirò gba oyè kejì ní 1963, ó sì lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní John Carroll University títí di 1968. Nígbà tó ń ṣe olùkọ́, ó gba akẹ́kọ̀ọ́ kan nímọ̀ràn pé kó fi ẹ̀ka ìṣirò sílẹ̀. Ọmọ náà lọ, ó di ẹni tó ń bá General Electric ta kọ̀ǹpútà, ó sì padà wá kọ́ olùkọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú ètò tí Geschke kọ́kọ́ kọ ni èyí tó ń tẹ àdírẹ́sì sára bébà yẹ́lò tí wọ́n fi ránṣẹ́ ìkéde ìbí ọmọbìnrin rẹ̀. Ìtẹ̀wé náà ni.

Ó lọ gboyè ọ̀mọ̀wé ní Carnegie Mellon lábẹ́ William Wulf, ó sì wọ ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto ní 1972. Òun ló gba Warnock síṣẹ́ níbẹ̀ ní 1978. Àwọn méjèèjì ṣe Interpress, èdè tí kọ̀ǹpútà lè fi sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ojú ìwé ṣe máa rí. Xerox gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ará ìta rí i, ó sì máa pẹ́ kí wọ́n tó tà á. Ní 1982 àwọn méjèèjì kúrò níbẹ̀, wọ́n dá Adobe sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ odò kékeré tó ṣàn gba ẹ̀yìn ilé Warnock sọ ọ́. Èrò àkọ́kọ́ wọn ni láti ta kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ ní odidi. Àwọn oníbàárà ló sọ fún wọn pé ètò inú rẹ̀ nìkan làwọn ń wá. Wọ́n gbọ́ràn, wọ́n sì jẹ èrè ìgbọràn náà.

Ohun tó wà nínú PostScript

Ètò inú rẹ̀ yẹn ló di PostScript. Ojú bébà ìwọ̀n Letter kan, lórí ẹ̀rọ tó ń tẹ àmì 300 sínú íńṣì kan, gba àmì 2,550 ní ìbú àti 3,300 ní gígùn. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ní láti ka àwọn àmì náà fún ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀rọ tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá yí ẹ̀rọ padà, iṣẹ́ di àtúnṣe. PostScript kì í ka àmì. Ó ń ṣàlàyé ojú ìwé ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á sì fúnra rẹ̀ yan ibi tí àmì máa bọ́ sí. Ẹ wo odidi ètò kan:

/Times-Roman findfont 24 scalefont setfont
72 700 moveto
(Ibadan) show
showpage

Ìlà kìíní ní kó wá fóǹtì Times (fóǹtì ni ìrísí tí a fi ń kọ lẹ́tà), kó sọ ọ́ di ìwọ̀n 24. Ìlà kejì ní kí ọwọ́ lọ sí ibi tó jẹ́ 72 láti etí òsì, àti 700 láti ìsàlẹ̀ bébà. Pọ́ìnǹtì ni òǹkà náà, 72 rẹ̀ ló pé íńṣì kan. Bébà A4 jẹ́ 595 ní ìbú àti 842 ní gíga. Ìlà kẹta kọ Ibadan, ìkẹrin tú bébà náà jáde. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ irú ẹ̀rọ. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni fáìlì kan náà fi lè jáde lórí LaserWriter, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Apple tó ń tẹ àmì 300 sínú íńṣì, kó tún jáde lórí Linotronic 300 àwọn oníwèé ìròyìn tó ń tẹ 2,540, láìyí lẹ́tà kan padà.

LaserWriter dé ọjà ní 1985, dọ́là 6,995 ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà lágbára ju kọ̀ǹpútà Macintosh tó ń rán an níṣẹ́ lọ: mẹ́mọ̀rì inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀, torí odidi ojú ìwé kan nìkan ń gba bíi mẹ́gábáìtì kan kó tó di títẹ̀. Fóǹtì 13 ló wà nínú rẹ̀: Times mẹ́rin, Helvetica mẹ́rin, Courier mẹ́rin àti Symbol. Steve Jobs ti kọ́kọ́ fẹ́ ra Adobe pátápátá ní mílíọ̀nù dọ́là márùn-ún; wọn kò tà á, Apple ra ìpín nínú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà kan àwòrán aláwọ̀, bàbá Geschke, àgbà oníṣẹ́ àwo irin, ló ń fi awò rẹ̀ yẹ àwọn àwọ̀ tí Adobe pín sọ́tọ̀ wò bóyá wọ́n péye. Nínú gbogbo ìtàn iléeṣẹ́ náà, ibi tó wú wa lórí jù nìyẹn.

Ẹ wá wo ibi tí Yorùbá ti kọsẹ̀. Ààyè 256 péré ni fóǹtì PostScript fi ń to lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n tò sínú Times yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án:

(e) show -8.3 -6 rmoveto (.) show 2.3 6 rmoveto

Lẹ́tà e nínú Times ìwọ̀n 24 fẹ̀ tó pọ́ìnǹtì 10.66, àmì ìdánudúró fẹ̀ tó 6. Ìdajì 10.66 pẹ̀lú ìdajì 6 jẹ́ 8.33: ẹ padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní 6, ẹ tẹ àmì ìdánudúró, ẹ padà síbi tó yẹ kí lẹ́tà tó kàn ti bẹ̀rẹ̀. Lórí bébà, ẹ tó dára ni. Kò sí olùkọ́ Yorùbá tó máa fi ìkọ pupa sí i. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì, e àti àmì ìdánudúró ló wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun náà ló ń yọ wá lẹ́nu nínú PDF títí di òní.

Bí PDF ṣe yàtọ̀

PostScript ní àléébù kan. Kí ẹ tó rí ojú ìwé 50, ẹ̀rọ ní láti la ojú ìwé 49 kọjá, torí àṣẹ kan lójú ìwé 3 lè yí ohun tó wà níwájú padà. PDF mú ojú ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì fi àtẹ kan sí òpin fáìlì tó ń sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Ìdí nìyẹn tí ìwé olójú-ewé 900 fi ń ṣí kíá. Ìdí náà nìyẹn tí PDF tí nẹ́tíwọ̀kì já mọ́ lẹ́nu kì í fi í sábà ṣí: àtẹ ìsàlẹ̀ ni kò tíì dé. Ẹ fi Notepad ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ kò bá rí %%EOF, kò pé. Ẹ tún un fà wálẹ̀. Ẹ má dààmú wá áàpù tó ń tún PDF ṣe.

Geschke ni ààrẹ Adobe láti 1989 títí di 2000, ìgbà ayé rẹ̀ lórí àga ni PDF sì dé. Ọdún tó ṣáájú, lóṣù karùn-ún 1992, àwọn ọkùnrin méjì fi ìbọn jí i gbé níbi ìgbọ́kọ̀sí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Mountain View, wọ́n béèrè dọ́là 650,000, ọjọ́ mẹ́rin ló sì lò lọ́wọ́ wọn kí FBI tó gbà á sílẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí PDF jáde, dọ́là 50 ni wọ́n ń ta ètò tí a fi ń kà á lásán, ọjà kò sì yá. Wọ́n sọ ètò náà, tó ń jẹ́ Reader, di ọ̀fẹ́, ojú ọ̀nà là. Ní 2008 ni wọ́n fa ìlànà PDF lé ISO, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, lọ́wọ́, ó di ISO 32000, kò sì sí ẹni tó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ Adobe mọ́ kó tó ṣe ètò tó ń kọ PDF. Ìkejì rẹ̀, PDF 2.0, jáde ní 2017, láti 2023 ni ẹnikẹ́ni sì ti lè gba ìwé ìlànà náà lọ́fẹ̀ẹ́. Geschke àti Warnock jọ gba àmì ẹ̀yẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ga jù ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ Ààrẹ Obama ní 2009.

Yorùbá nínú PDF: ibi tí iṣẹ́ wà

Nínú Unicode, àtẹ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní kóòdù tirẹ̀, U+1EB9. Ọ jẹ́ U+1ECD. Ṣ jẹ́ U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè U+0301 tó gùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀, ẹ̀, ọ́ àti m̀. Ó wá kù sọ́wọ́ fóǹtì láti gbé àmì òkè náà sí àárín gan-an. Fóǹtì tí kò mọ̀ ọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á dà bí ẹni pé fìlà ń ṣubú lórí rẹ̀. Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL, Doulos SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Fóǹtì ológe tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìpè ló sábà máa ń kùnà. Ẹ tẹ Ẹ̀kọ́ Ọ̀ṣun Ẹ́ Ọ́ Ǹ ńlá-ńlá pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó yàn án. Bí àwọn lẹ́tà abẹ́-àmì bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù ní títóbi tàbí ní ríro, Word ti lọ yá wọn lára fóǹtì mìíràn nìyẹn.

Ìlà-sí-ìlà náà ń fa ìjàngbọ̀n. Bí ẹ bá yan Exactly 12 fún lẹ́tà ìwọ̀n 12 nínú Word, orí Ẹ́ àti Ọ̀ á gé. Ẹ jẹ́ kó tó 16, tàbí kí ẹ yan Multiple 1.2 kí ó máa fúnra rẹ̀ fẹ̀.

Láti gbé e jáde, ẹ lo Save As inú Word, ẹ yan PDF, ẹ ṣí Options, ẹ sì fi àmì sí PDF/A. Nínú LibreOffice, Export as PDF ni, níbi tí ẹ ó ti rí Archive. PDF/A kì í gba kí fóǹtì kankan wà níta. Ó gbọ́dọ̀ di gbogbo rẹ̀ mọ́ inú fáìlì. Ẹ yẹra fún Microsoft Print to PDF bí ẹ bá lè yẹra: ojú ìwé á dára, àmọ́ líńkì á kú, ètò orí ọ̀rọ̀ á sì pòórá.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò, ìṣẹ́jú méjì kò sì ní kọjá lórí rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà nínú Acrobat Reader lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo Properties, ẹ lọ sí Fonts. Iwájú fóǹtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní Embedded tàbí Embedded Subset. Èyí tí kò bá ní in, ẹ̀rọ ẹlòmíràn á fi fóǹtì tirẹ̀ dípò, àmì á sì di àpótí òfìfo. Ẹni tó bá ń lo Linux tàbí tó ní Poppler, àkójọ ètò ọ̀fẹ́ fún PDF, lè tẹ àṣẹ pdffonts iwe.pdf: ọ̀wọ́n emb ń sọ bóyá fóǹtì wà nínú, ọ̀wọ́n uni ń sọ bóyá àtẹ tó ń yí àwòrán lẹ́tà padà sí Unicode wà. Yes ló yẹ kí ẹ rí nínú méjèèjì. Bí emb bá jẹ́ yes tí uni sì jẹ́ no, ìtẹ̀jáde á dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò dájú.

Àyẹ̀wò tó kù ni èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ẹ yan gbólóhùn kan tó kún fún àmì, ẹ ṣe kọ́pì rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú WhatsApp. Bí ó bá jáde bó ṣe wà, ó tán. Bí ọ̀rọ̀ bá di «ọ ̀ rọ ̀», ètò tó ṣe PDF náà tẹ àmì òkè lọ́tọ̀, bí àmì ìdánudúró tí a fi ọwọ́ tì sábẹ́ e lókè yẹn. Bí ó bá di ìdọ̀tí lẹ́tà tí kò sí nínú èdè kankan, fóǹtì ayé àtijọ́ ló wà nídìí rẹ̀: kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan gbé àwòrán ẹ sórí kóòdù lẹ́tà mìíràn. Ojú rí lẹ́tà ẹ, kọ̀ǹpútà rí nǹkan mìíràn. Ẹ má tún PDF náà ṣe; ẹ padà sí ìwé Word, ẹ pààrọ̀ àwọn lẹ́tà náà sí Unicode, ẹ tún un gbé jáde.

Wíwá ọ̀rọ̀ náà ní ìjàkadì tirẹ̀. Ẹlòmíràn tẹ ọ̀ bí ọ pẹ̀lú àmì òkè, ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ bí ò pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, U+0323. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá mú wọn dọ́gba kó tó wá ọ̀rọ̀ á ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Àwọn ìwé kan tún lo ìlà kékeré, U+0329, dípò àmì roboto lábẹ́ lẹ́tà, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá dájú pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé tí wíwá kò rí i, ẹ ṣe kọ́pì irú rẹ̀ kan láti inú PDF náà gan-an, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí wíwá. Á rí i.

Fọ́ọ̀mù tí a ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ ló burú jù. Ààyè ìkọ̀wé inú wọn sábà máa ń lo Helvetica, ọ̀kan nínú fóǹtì 14 tí PDF gbà látilẹ̀wá pé ẹ̀rọ gbogbo ti ní, Helvetica yẹn kò sì mọ ọ. Ẹni tó ń jẹ́ Ọláṣeéní á kọ orúkọ rẹ̀, àpótí òfìfo á jáde. Ọwọ́ ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ni àtúnṣe wà: kó yan Noto Sans fún ààyè kọ̀ọ̀kan, kó sì di odidi fóǹtì náà mọ́ inú rẹ̀, nítorí kò mọ lẹ́tà tí ẹni tó ń bọ̀ máa nílò. Iléeṣẹ́ tó ń gba orúkọ Yorùbá lójoojúmọ́ tí kò ṣe èyí ń gba orúkọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ wọn.

Onítẹ̀wé, fóònù, àti ìwé ìgbàanì

Bí ìwé bá ń lọ sí Ṣómólú, ẹ fi mìlímítà mẹ́ta kún etí kọ̀ọ̀kan níbi tí àwọ̀ bá ti dé etí bébà, kí ọ̀bẹ má baà fi funfun sílẹ̀. Àwòrán gbọ́dọ̀ tó àmì 300 sí íńṣì ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yan Actual size, torí Fit á fún ojú ìwé pọ̀ díẹ̀, ìwọ̀n fọ́ọ̀mù tàbí káàdì á sì yẹ̀. Ọ̀pọ̀ onítẹ̀wé ń lo CorelDRAW, wọ́n sì ń tẹ Ctrl+Q láti sọ lẹ́tà di àwòrán kí àmì má baà já. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fáìlì yẹn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú mọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Bí àṣìṣe bá sì yọ, ẹ má ní kí wọ́n tún un ṣe nínú PDF: nínú Embedded Subset, lẹ́tà tí ẹ lò nìkan ló wà níbẹ̀, bí ẹ kò bá lo ṣ ńlá rí, kò sí ṣ ńlá tí wọ́n máa fi tún un ṣe.

Lórí fóònù, PDF kò dára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. A4 fẹ̀ tó mìlímítà 210, ojú fóònù fẹ̀ tó nǹkan bí 70. Lẹ́tà ìwọ̀n 12 á di ìwọ̀n 4, àmì ohùn á sì di ekuru. Bí ẹ bá mọ̀ pé fóònù ni wọ́n máa fi kà á, ẹ to ojú ìwé sí A6, mìlímítà 105 ní ìbú, kí lẹ́tà jẹ́ 14. Á dé ojú wọn ní ìwọ̀n 9. Fún ìwé gígùn, EPUB ló yẹ, torí ó ń tún ìlà tò bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe fẹ̀ tó.

Ìwé Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sínú PDF, àwòrán lásán ni. Ẹ ya á ní àmì 300 sí íńṣì, kí bébà tẹ́jú. Tesseract, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka lẹ́tà inú àwòrán, mọ Yorùbá, yor ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àṣẹ ocrmypdf -l yor iwe.pdf iwe2.pdf, tó ń lo Tesseract, á sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán kí a lè wá a. Ó ń ṣi àmì ohùn kà púpọ̀, pàápàá níbi tí ìtẹ̀wé bá ti ṣá. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Bí fáìlì bá wúwo jù, ètò kan tó ń jẹ́ Ghostscript á dín in kù lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àṣẹ yìí: gs -sDEVICE=pdfwrite -dPDFSETTINGS=/ebook -o kekere.pdf nla.pdf. /ebook ń mú àwòrán wá sí àmì 150 sí íńṣì, /screen sí 72. Ẹ má lo /screen fún ìwé tó ní àmì ohùn tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kò ní ṣeé kà mọ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Àpótí dúdú tí ẹ yà sórí nọ́ńbà báǹkì kò pa nọ́ńbà náà rẹ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe kọ́pì rẹ̀ lábẹ́ àpótí. Redact inú Acrobat Pro ló ń yọ ọ́ kúrò. Owó oṣooṣù ni Acrobat Pro, a kò sì rò pé ẹni tó kàn ń kọ ìwé tó ń gbé e jáde nílò rẹ̀: LibreOffice, Ghostscript àti Reader ọ̀fẹ́ ti tó.

Àyẹ̀wò kan kù tí kò gba ètò kankan. Ẹ ṣí PDF náà nínú Acrobat Reader lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá lẹ́tà ẹ́ kan, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí dé 6400 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ ìwọ̀n tó ga jù níbẹ̀. Bí etí lẹ́tà náà bá ṣì jọ̀lọ̀, tí àmì òkè dá dúró lórí rẹ̀ tí àmì ìsàlẹ̀ sì roboto, àlàyé ojú ìwé ló wà nínú fáìlì náà, gẹ́gẹ́ bí Geschke àti Warnock ṣe gbé e kalẹ̀. Bí ó bá fọ́ sí àpótí-àpótí, fọ́tò lásán ni wọ́n fún yín. Ẹ béèrè ojúlówó lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́.